Nara: Níbi Tí Àtùpà Pọ̀ Sí, Tí Òrìṣà Sì Ń Rìn Nínú Òkùnkùn

Ẹnubodè igi ńlá kan ni ààlà láàárín ìlú Nara àti igbó rẹ̀. Ìlú wà lẹ́yìn ẹni, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, ilé ìtajà àti àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń darí lọ sílé. Níwájú, ọ̀nà oníyanrìn gbọọrọ kan gba abẹ́ igi lọ sí apá ìlà oòrùn. Òpó méjì tí a kùn ní pupa, ìtì igi méjì tí a fi dábùú wọn lókè, gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní ẹ̀ṣọ́, ẹnikẹ́ni kì í gba owó níbẹ̀. Torii ni àwọn ará Japan ń pè é. Bí mo ti dúró tí mò ń wò ó, ìyá àgbà kan tó gbé àpò ọjà dé iwájú rẹ̀, ó sọ àpò náà kalẹ̀, ó tẹrí ba, ó tún gbé ẹrù rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kò wọlé. Ó kàn ń kọjá ni, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kọjá láìkí onílé.

Onílé ni àwọn òrìṣà mẹ́rin tí wọ́n ń bọ ní Kasuga Taisha, ojúbọ tó wà ní òpin ọ̀nà yìí, ní ìrìn tó lé ní kìlómítà kan sí ẹnubodè náà. Nara ni olú ìlú Japan láti ọdún 710 sí 784. Ní ọdún 768 ni ìdílé Fujiwara, àwọn ìjòyè tí ọwọ́ wọn le jù láàfin nígbà náà, kọ́ ojúbọ yìí sí ẹsẹ̀ òkè Mikasa fún àwọn òrìṣà ìdílé wọn. Wọ́n pe Takemikazuchi, òrìṣà ààrá àti idà, wá láti Kashima lápá ìlà oòrùn. Wọ́n pe Futsunushi láti Katori. Láti Hiraoka ni wọ́n ti pe Amenokoyane, tí àwọn Fujiwara kà sí baba ńlá wọn, àti abo òrìṣà tó jẹ́ aya rẹ̀. Ìtàn ìwáṣẹ̀ wọn sọ pé àgbọ̀nrín funfun ni Takemikazuchi gùn wá, orí òkè Mikasa ló sì sọ̀ sí. Títí di òní, òkè náà jẹ́ ilẹ̀ èèwọ̀. Ènìyàn kì í ṣàdédé gùn ún.

Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan ni Shinto. Kò ní wòlíì kan tó dá a sílẹ̀, kò sì ní ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo olùjọ́sìn gbọ́dọ̀ máa kà. Òrìṣà ń gbé inú òkè, inú igi, inú ìsun omi, a tilẹ̀ lè sọ akọni tó ti kú di òrìṣà. Ẹni tó bá dé ojúbọ á fi omi fọ ọwọ́, á fi yọ ẹnu, á tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan. Ìjọsìn ojoojúmọ́ kò jù báyìí lọ. Ọdún òrìṣà ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbòòrò, Kasuga sì ní ọdún fún àsìkò kọ̀ọ̀kan: ti òtútù, ti ìrúwé, ti ooru, ti ìkórè. Oṣù Kejìlá ni èmi mú, nítorí ọdún kan tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1136.

Ẹ kò ní rìn jìnnà lẹ́yìn torii kí àgbọ̀nrín tó yí yín ká. Wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ koríko lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń sọdá títì níwájú mọ́tò bí ẹni tó mọ̀ pé awakọ̀ á dúró. Awakọ̀ á sì dúró lóòótọ́. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Wọn kì í ṣe ẹran ọ̀sìn, ẹnikẹ́ni kò ni wọ́n. Nítorí àgbọ̀nrín funfun ìjọ́sí, ìránṣẹ́ òrìṣà ni gbogbo wọn, ẹni tó bá sì pa ọ̀kan láyé àtijọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń dí i. Ìtàn kan ṣì wà ní Nara pé ìdí nìyẹn tí àwọn ará ìlú fi ń tètè jí: kí olúkúlùkù lè yẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wò bóyá àgbọ̀nrín kú síbẹ̀ lóru. Ogun Àgbáyé Kejì dé, ebi dé, ìbẹ̀rù yẹn sì dín kù. Ní ọdún 1945, àgbọ̀nrín tó ṣẹ́ kù jẹ́ 79. Àwọn ará ìlú ló tún tọ́jú wọn títí wọ́n fi pọ̀, ìjọba sì fi òfin dáàbò bò wọ́n ní ọdún 1957. Àwọn obìnrin tó ń ta ọjà lẹ́bàá ọ̀nà ní bísíkíìtì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi eèrí ìrẹsì ṣe fún wọn. Ẹ mú un dání, àgbọ̀nrín á wá síwájú yín, á máa mi orí sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń kí yín. Bí ẹ bá fi pẹ́ jù kí ẹ tó fún un, á fi orí kan náà kàn yín.

Àgbọ̀nrín ló ni ọdún oṣù Kẹwàá. Àsìkò tí akọ ń gun abo ni, ìwo wọn sì ti gbó, ó mú bí ọ̀bẹ. Wọ́n lè fi gún ara wọn, wọ́n lè fi gún ènìyàn. Láti ọdún 1672 ni wọ́n ti ń gé e lọ́dọọdún. Lónìí, inú ọgbà kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ojúbọ ni wọ́n ti ń ṣe é: àwọn ọkùnrin á fi okùn mú akọ náà, wọ́n á dá a dùbúlẹ̀, àwòrò tó wọ aṣọ oyè á fún un lómi mu kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀, á sì fi ayùn rẹ́ ìwo náà. Ìwo tó ti gbó kì í dun ẹran. Ọ̀dọ̀ òrìṣà ni wọ́n ń gbé e lọ.

Lápá òsì ọ̀nà, mo rí ilé kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sórí òkìtì erùpẹ̀. Igi páìnì tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ ni òpó, ẹ̀ka páìnì tútù ni wọ́n fi bo òrùlé, amọ̀ ni ògiri, wọ́n sì fi ẹfun ya àmì onígun mẹ́ta sára amọ̀ náà. Ewé orí rẹ̀ ṣì ń rùn bí igbó. Níwájú rẹ̀ ni pápá koríko onígun mẹ́rin kan wà, tí wọ́n gbé ga díẹ̀ sí ilẹ̀, pẹ̀lú ìlù ńlá méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n gbẹ́ igi yí ká bí ọwọ́ iná tó ń jó. Ilé òrìṣà fún ọjọ́ kan ṣoṣo nìyí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kọ́ ọ, lọ́dọọdún ni wọ́n ń wó o. Mo wò ó títí, mo sì tún ọ̀nà mi mú, nítorí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo sì fẹ́ rí àwọn àtùpà kí ojú tó dí.

Ẹ̀yìn torii kejì ni àtùpà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ ga tó ènìyàn, òmíràn ju ènìyàn lọ. Wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kejì, wọ́n sì gun òkè lọ. Òjò ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ti pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ rẹ́, ewé wẹ́wẹ́ aláwọ̀ tútù tó ń hù lára òkúta ti bò wọ́n dé ọrùn. Àgbọ̀nrín a máa na orí jáde láàárín wọn, ènìyàn kò sì ní tètè mọ èwo ni òkúta, èwo ni ẹran. Àtùpà Kasuga tó nǹkan bí 3,000: nǹkan bí 2,000 jẹ́ ti òkúta lójú ọ̀nà, nǹkan bí 1,000 sì jẹ́ ti idẹ tí wọ́n so rọ̀ sábẹ́ òrùlé àwọn ilé inú ojúbọ. Ìjòyè fi tọrẹ, ológun fi tọrẹ, oníṣòwò àti àgbẹ̀ náà fi tọrẹ, fún ohun tó ju 800 ọdún lọ. Ẹnì kan tọrọ ìlera, ẹnì kan tọrọ ìṣẹ́gun, ẹlòmíràn fi rántí òkú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sábà ń kọ sára wọn ni ti ojúbọ, ṣùgbọ́n orúkọ òrìṣà fúnra rẹ̀ ló wà lára ìwọ̀nba díẹ̀. Àwọn ará Nara ní ẹni tó bá lè rí mẹ́ta nínú irú èyí láàárín òru kan ṣoṣo yóò lówó.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń tan gbogbo wọn. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ni ti àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, lálẹ́ Setsubun, nígbà tí àwọn ará Japan ń lé ibi jáde nílé kí ìrúwé tó wọlé. Ọjọ́ 14 àti 15 oṣù Kẹjọ ni ti ìkejì, ní àsìkò tí wọ́n gbà pé àwọn baba ńlá ń bẹ àwọn ọmọ wò. Wọ́n á lẹ bébà funfun mọ́ ojú àtùpà, wọ́n á ti àbẹ́là bọ̀ ọ́, wọ́n á sì tan án lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í lo iná mànàmáná. Lójú ooru oṣù Kẹjọ, èrò máa ń rọ́ wá débi pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ́. Fún ẹni tó dé lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ya ilé kan sọ́tọ̀ nínú ojúbọ, Fujinami-no-ya, wọ́n mú un ṣókùnkùn, wọ́n sì tan àtùpà idẹ síbẹ̀ kí àlejò lè mọ bí alẹ́ ọjọ́ yẹn ṣe ń rí. Mo wọ ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ láti ojú ihò tí alágbẹ̀dẹ fi àwòrán àgbọ̀nrín àti òdòdó lu sára idẹ, àwọn àwòrán náà sì hàn lára ògiri. Ó dára púpọ̀.

Àmọ́ kí n tó débẹ̀, mo ti gba ẹnubodè gúúsù wọlé. Pupa ni gbogbo òpó, funfun ni ògiri, èèpo igi ṣípírẹ́sì tí wọ́n tò ní ìpele-ìpele ni òrùlé. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìtàkùn fuji wà lórí òpó igi tí wọ́n tò fún un, ó ti wọ́wé dànù nítorí òtútù. Ó ju 700 ọdún lọ. Ní òpin oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni ó ń tanná, òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó so rọ̀ ju mítà kan lọ, tó fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yanrìn ilẹ̀. Òdòdó yìí ni àmì ìdílé Fujiwara, òun náà ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń jó fún òrìṣà ń fi sí irun.

Ohun tó fà mí mọ́ra jù nínú àgbàlá náà ni igi sugi kan, kédárì ilẹ̀ Japan, tí ọjọ́ orí rẹ̀ súnmọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún. Láti ìdí rẹ̀ ni igi mìíràn ti hù, tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó sì forí lé òrùlé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó kọ́ ilé náà kò gé igi. Wọ́n dá ihò sí òrùlé fún un, igi náà gba ibẹ̀ kọjá, ó ń bá ìdàgbà rẹ̀ lọ. Mo rí àwọn àlejò tí wọ́n ya fọ́tò ẹnubodè, tí wọ́n ya fọ́tò àtùpà, tí wọ́n sì kọjá níwájú ihò yìí láìgbé ojú sókè. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ mọ irú ènìyàn tó ń tọ́jú Kasuga ti yẹ kó dúró. Láti ọdún 841 ni wọ́n ti fòfin de ọdẹ àti gígé igi nínú igbó òkè Kasuga tó wà lẹ́yìn ojúbọ, nítorí náà igbó àìro tó tó nǹkan bí hẹ́kítà 250 ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ńlá. Ní ọdún 1998, àjọ UNESCO fi ojúbọ àti igbó náà pa pọ̀ sínú àwọn ogún àgbáyé, èyí sì tọ́, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ilé òrìṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan-an wà lẹ́yìn ẹnubodè inú. Àlejò kì í kọjá ẹnubodè yẹn. Ibẹ̀ lèmi náà ti tẹrí ba. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ni ọdún ńlá tiwọn, nígbà tí ìránṣẹ́ ọba ńlá Japan ń wá láti ààfin pẹ̀lú ẹbọ, ọ̀kan nínú ọdún mẹ́ta péré tí ààfin ń rán irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ ní àṣà àtijọ́. Ọjọ́ 15 oṣù náà, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ojúbọ á jó ijó ìgbìnrẹsì kí ọdún lè yabo. Ní ogún ọdún-ogún ọdún ni wọ́n ń tún ilé àwọn òrìṣà yìí ṣe: wọ́n á kó òrìṣà lọ sí ilé ìgbà díẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ òrùlé, wọ́n á tún òpó kùn, wọ́n á sì gbé òrìṣà padà. Ìgbà ọgọ́ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ parí ní ọdún 2016. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Gbogbo ìran oníṣẹ́ ọwọ́ ló ní àǹfààní láti ṣe é nígbà tó jẹ́ ọmọṣẹ́, láti tún un ṣe nígbà tó di ọ̀gá, láti sì dúró tì í nígbà tó di àgbà. Iṣẹ́ kò lè sọnù mọ́ ìran bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan tí àtùpà òkúta tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló lọ láti ibẹ̀ sí Wakamiya, ojúbọ òrìṣà ọmọ. Ọmọ Amenokoyane àti aya rẹ̀ ni. Òun ló ni ọdún oṣù Kejìlá, On-matsuri.

Bí ọdún náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti lóye fún ẹni tó ti gbé ibi tí òjò ti ń ba oko jẹ́ rí. Ní àwọn ọdún 1130, omíyalé dé, ìyàn tẹ̀ lé e, àjàkálẹ̀ àrùn tẹ̀ lé ìyàn. Fujiwara no Tadamichi, tó ń bá ọba ṣàkóso Japan nígbà náà, kọ́ ilé tirẹ̀ fún òrìṣà ọmọ yìí ní ọdún 1135. Ní ọdún 1136, wọ́n gbé òrìṣà náà jáde, wọ́n ṣe eré fún un ní pápá, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí oúnjẹ wà, kí àrùn lọ. Wọn kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró mọ́. Àwọn àlúfáà Búdà ní tẹ́ńpìlì Kofuku-ji, tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ni wọ́n ń darí ọdún yìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí ẹ̀sìn méjèèjì ti wọnú ara wọn ní Nara. Ní ọdún 1868, ìjọba tuntun pàṣẹ pé kí a yà wọ́n. Àlúfáà Kofuku-ji di àwòrò Kasuga, tẹ́ńpìlì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro. Ọdún òrìṣà ọmọ rù ú là.

Kí aago méjìlá òru tó lù lálẹ́ ọjọ́ 16 mọ́jú ọjọ́ 17, èrò ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nínú òtútù tó ń ta èèyàn létí. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé kí a pa fóònù, kí a má ṣe ya fọ́tò, kí a má ṣe tan iná kankan, bó ti wù kó kéré. Lẹ́yìn náà, wọ́n pa iná ojú ọ̀nà. Àtùpà tó pọ̀ tó yẹn, kò sí ọ̀kan tó tàn. Mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Ọmọ ọwọ́ kan ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, kò sì sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ nínú ilé ní òru Orò, tó gbọ́ bí gbogbo àdúgbò ṣe pa lọ́lọ́, mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí mò ń sọ, àyàfi pé níhìn-ín, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ àti àgbà, ìta ni gbogbo wa wà.

Iná méjì ni mo kọ́kọ́ rí lọ́nà jíjìn. Ògùṣọ̀ ńláńlá ni, wọn kò gbé wọn sókè, ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ wọn, tí ẹ̀yinná fi ń já sílẹ̀ tó sì ń di ìlà pupa méjì lórí yanrìn. Àárín ìlà méjèèjì ni òrìṣà yóò gbà. Òórùn tùràrí igi olóòórùn dídùn tẹ̀ lé iná. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn: ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń ké “óò” lohùn ìsàlẹ̀, ọ̀kan ń gbà á lẹ́nu ọ̀kan, kò sì dá. Fèrè ń bẹ nínú rẹ̀, ìlù ń bẹ nínú rẹ̀. Wọ́n dé ọ̀kánkán wa. Ohun tí ojú mi rí kò ju funfun kan tó ṣù pọ̀: àwọn àwòrò aláṣọ funfun tí wọ́n gbé ẹ̀ka igi sakaki dání, tí wọ́n yí òrìṣà ká ní ìpele ìpele tí ojú ènìyàn kò fi lè kan ohun tó wà láàárín. Ewé ń hó bí òjò. Gbogbo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹrí ba, mo tẹrí ba. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti kọjá, ẹ̀yinná ń kú lọ lórí yanrìn, ohùn náà sì ń lọ sí ìsàlẹ̀ sí ilé páìnì tí mo rí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ti ka nǹkan púpọ̀ nípa òru yìí kí n tó wá, ìwé kò sì múra mi sílẹ̀ fún ohùn yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ 17, gbogbo ìlú tú jáde. Ẹgbẹ́ òṣèré, ẹlẹ́ṣin, ọ̀dọ́bìnrin ojúbọ lórí ẹṣin, àwọn tó múra bí ológun àtijọ́, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ gba títì kọjá. Ẹni tó ń ṣíwájú dúró fún olórin kan: ìtàn ní Tadamichi ṣàìsàn nígbà tó ń bọ̀ wá síbi ọdún, ló bá bọ́ aṣọ oyè rẹ̀ wọ olórin náà pé kó ṣojú òun. Lẹ́yìn torii àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró lábẹ́ igi páìnì kan, ó ṣe díẹ̀ nínú eré rẹ̀ kó tó kọjá. Àwòrán páìnì tó máa ń wà lára ògiri ẹ̀yìn gbogbo orí ìtàgé Noh, eré àtijọ́ ilẹ̀ Japan, wọ́n ní páìnì ibí yìí ni. Igi àgbà náà kú ní ọdún 1995, ọmọ igi tí wọ́n gbìn dípò rẹ̀ ni wọ́n ń júbà fún báyìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kan náà. Àwọn ọmọdé ta ọfà lórí ẹṣin. Ẹṣin sáré ìdíje. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Eré níwájú òrìṣà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Láti ọ̀sán títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, wọ́n ń ṣeré lórí koríko yẹn, ojú wọn sí ilé páìnì, ẹ̀yìn wọn sí wa. Òrìṣà ni òǹwòran. Ẹ̀gbẹ́ ni àwa wà. Ijó àwọn ọ̀dọ́bìnrin ojúbọ, ijó àgbẹ̀ pẹ̀lú fìlà tí wọ́n to òdòdó sí lórí, Noh ní ìrísí rẹ̀ àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni Seino-o. Ọkùnrin mẹ́fà aláṣọ funfun jáde, aṣọ funfun bo ojú wọn láti ìsàlẹ̀ ẹyinjú. Méjì so ìlù mọ́ àyà, méjì ń fun fèrè, méjì kò mú nǹkan kan, wọ́n fi apá aṣọ bo ojú, wọ́n ń tẹ̀ síwájú, wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń tẹrí ba. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn wọn ni pé òrìṣà òkun kan, Isora, ti pẹ́ nísàlẹ̀ omi débi pé ìkarawun lẹ̀ mọ́ ọn lójú; ìtìjú mú un nígbà tí wọ́n pè é, ló bá fi aṣọ bojú kó tó jáde wá jó. Mo ti rí ijó tó gbóná ju èyí lọ ní ibi púpọ̀, kò sí èyí tó dùn mí wọ egungun tó o.

Ilẹ̀ ṣú, wọ́n tanná igi ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ìlù ńlá méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bugaku ló kù, ijó ààfin tó wọ Japan láti òkè òkun ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Aláṣọ pupa ń jó ijó apá òsì, tó wá láti Ṣáínà. Aláṣọ àwọ̀ ewé ń jó ti apá ọ̀tún, tó wá láti Kòríà. Nínú Ranryo-o, oníjó kan ṣoṣo wọ ìbòjú wúrà tó ní ojú ẹranko: ọmọ ọba Ṣáínà kan ni, tí ojú rẹ̀ lẹ́wà jù fún ogun, tó fi ní láti fi ìbòjú bò ó kí ọ̀tá lè bẹ̀rù rẹ̀. Òtútù ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sílé nígbà náà. Àwọn oníjó kò dín nǹkan kan kù. Òrìṣà ṣì jókòó.

Ní aago mọ́kànlá, iná tún kú, ohùn “óò” tún bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè báyìí. Òfin wọn ni pé òrìṣà ọmọ kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ kan lọ níta. Kí ọjọ́ 17 tó parí, ó gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ó wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ìrìn àjò lọ sí Japan, tí ẹ sì dé Osaka tàbí Kyoto, rélùwéè kò ní gbà yín tó wákàtí kan dé Nara. Ẹ mú aṣọ òtútù tó nípọn, ẹ mú ìbọ̀wọ́, ẹ jẹun yó kí ẹ tó jáde lóru. Bí wọ́n bá ní kí ẹ pa fóònù, ẹ pa á tọkàntọkàn, ẹ má ṣe dọ́gbọ́n sí i, nítorí iná kékeré kan láti ọwọ́ àlejò kan á ba òru ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ẹni tó lè lọ lẹ́ẹ̀mejì, kó lọ wo àtùpà ní oṣù Kẹjọ, kó sì padà wá ní oṣù Kejìlá. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lówó rẹ̀ ká, oṣù Kejìlá ni kó mú.